Ẹ Dá Àwòrán Ojúbọ Yẹn Padà Sára Pátákó

  Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olóòtú wa ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n yéé fi da àwọn ará dọ́mítìrì wa láàmú lálaalẹ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ẹ rántí Ọjọ́ Àṣà tí a ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Àwọn kan jó, àwọn kan ki oríkì, àwọn JSS 3 se àmàlà tí a ti jẹ tán kí àwọn àlejò tó jókòó. Sùkúù mọ́dà mi, tó wà ní SS 1, ya àwòrán. (Mo mọ̀ pé “wọ́n” ló yẹ kí n máa pè é, torí ó jù mí lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọ “wọ́n, wọ́n”, ẹ máa rò pé èèyàn mẹ́wàá ló ya àwòrán náà. Ó ti fún mi láyè láti kọ “ó”.) Káádíbọ́ọ̀dù funfun ńlá ló lò. Ojúbọ Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo ló yà síbẹ̀. Ó kun ògiri ojúbọ náà ní pupa bí epo tuntun. Ó fi funfun àti dúdú ṣe ọ̀nà sára àwọn òpó. Ewé orí igi pọ́n bí ọsàn tó gbó, odò tó ń ṣàn níwájú sì dúdú bí aró. Tí ẹ bá wo inú igi náà dáadáa, ojú ẹyẹ àti ojú èèyàn ló kún ibẹ̀. Ẹja kan wà nínú odò tó ní ẹsẹ̀ méjì.

A fi píìnì mẹ́rin gbé e kọ́ sára pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjẹun. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Nígbà tí a jí lọ́jọ́ kẹrin, ẹnì kan ti dojú rẹ̀ kọ pátákó. A yí i padà. Kó tó di alẹ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ìwé Yorùbá sí ni mo ti rí i, ó ti ká, igun kan sì ti ya. Títí di òní, ẹni tó yọ ọ́ kò jáde sọ pé òun ni.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní òrìṣà ni, pé a ò gbọ́dọ̀ gbé òrìṣà sí ibi tí a ti ń jẹun. Ọmọ JSS 1 kan tilẹ̀ kọ̀, kò jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ kejì, ó ní àwọn ojú inú igi yẹn ń wo òun. (Ẹ̀wà ọjọ́ yẹn jóná o, nítorí náà mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwòrán.) Àwọn kejì ò bínú sí òrìṣà, àwọ̀ ló bí wọn nínú. Wọ́n ní ojúbọ wo ló rí báyìí? Igi wo ni ewé rẹ̀ pọ́n bí ọsàn? Wọ́n ní àwòrán ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni.

Kí n má parọ́, èmi náà wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, mo bá sùkúù mọ́dà mi níbi tó ti ń kó ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù. Mo ní, “Ṣé ẹ ò ní ya àwòrán mọ́ ni?” Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ máa yà á fún?” Ó ní òun fẹ́ lọ bá wọn yọ orúkọ òun kúrò nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà, kí òun lọ ṣe Commerce. Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé Commerce kò sí lára rẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó sọ pé òrìṣà ni ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo mọ òfin tó wà lórí ère. Nígbà tí màmá mi wá ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, ohun téèyàn bá ń wò lójoojúmọ́ máa ń wọ ọkàn ẹni.” Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mo sùn lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí náà sọ fún mi pé nínú ẹ̀kọ́ tiwọn, wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Mo gbọ́.

Àmọ́ ẹ gun Òkè Pàtí lọ, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Kí ni ẹ rí? Ẹ rí odò ńlá méjì tó pàdé. Kí ni à ń pe ọ̀kan nínú wọn ní kíláàsì Yorùbá? Odò Ọya. Ọya yẹn kan náà ni o, ìyàwó Ṣàngó, òrìṣà ìjì. Gbogbo wa la ti ya máàpù Nàìjíríà ní Social Studies, tí a kọ “Odò Ọya” sí i, tí a fi búlúù kùn ún, tí wọ́n sì fún wa ní máàkì. Kò sí ẹni tó sọ pé a ń bọ̀rìṣà. Nínú kíláàsì tiwa nìkan, ẹni mẹ́ta ló ní Ògún tàbí Ifá nínú orúkọ bàbá wọn, wọ́n sì ń pè wọ́n láràárọ̀ tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Wọ́n ń dáhùn, a sì ń gbàdúrà lọ. Tí orúkọ Ọya kò bá ba ìgbàgbọ́ wa jẹ́ ní kíláàsì, báwo ni àwòrán ilé Ọ̀ṣun ṣe máa bà á jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun?

Ẹni tó ya ilé kan kò kúnlẹ̀ níwájú ilé náà. Sùkúù mọ́dà mi gbé Òṣogbo títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí iṣẹ́ tó gbé bàbá rẹ̀ wá sí Kogí. Ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun yẹn ni wọ́n máa ń gbà kọjá tí wọ́n bá ń lọ kí ìyá bàbá rẹ̀. Ó ní tí òun bá ti rí ògiri igbó náà báyìí, òun ti mọ̀ pé àkàrà ìyá àgbà kò jìnnà mọ́. Ohun tó wà nínú àwòrán yẹn nìyẹn. Àárò ilé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ ò mọ àárò ilé?

Igbó yẹn pàápàá kì í ṣe ibi kékeré. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi sínú àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Susanne Wenger, obìnrin ará Ọsítíríà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló kó àwọn mọlémọlé àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà jọ tí wọ́n tún àwọn ojúbọ tó ti ń wó kọ́. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009.

Ṣé ẹ wá mọ ibi tí ẹja ẹlẹ́sẹ̀ ti wá? Ọmọ Kogí ló kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ ka apá yìí dáadáa, torí èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Ní Ògìdì, ní Ìjùmú, lọ́dọ̀ àwa Òkun níbí, ni wọ́n ti bí Táíwò Ọlániyì ní 1944. Ó ní ìbejì ni wọ́n bí òun, pé ìgbà méje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló sì yè nínú gbogbo wọn. Ìyẹn ló ṣe ń pe ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven. Oníjó ni tẹ́lẹ̀. Ó ń bá ẹni tó ń ta oògùn kiri jó, kí èrò lè pé jọ kí wọ́n sì ra oògùn. Ijó yẹn ló jó dé Òṣogbo ní 1964, ó dé Mbari Mbayo, níbi tí Ulli Beier àti Georgina Beier ti ń ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni fi lè wá yàwòrán, ì báà má tíì di búrọ́ọ̀ṣì mú rí. Oníjó di ayàwòrán. Iwin, ẹranko olójú púpọ̀, ẹyẹ tó ní èèyàn nínú ikùn, ìlú abẹ́ omi, gbogbo ohun tí ìyá àgbà máa ń sọ nínú àlọ́ ló ń yà, tí kò sí ibi kan tó ṣófo nínú àwòrán rẹ̀. Nígbà míì á gé pákó, á tò ó lé ara wọn, á wá kùn ún, kí àwòrán lè wú jáde. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní 2005, ọdún kan náà tí UNESCO gba igbó Ọ̀ṣun wọlé, ni wọ́n fi Twins Seven-Seven náà jẹ oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Ó kú ní 2011.

Nike Davies-Okundaye náà, tí gbogbo ayé ń pè ní Mama Nike, tí wọ́n ní ilé àwòrán ńlá ní Lẹ́kí, ọmọ Ògìdì kan náà ni wọ́n. Wọ́n tún kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà sí Ògìdì níbẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ní Ìjùmú! A ń gbé Kogí, a ń sọ pé àwòrán ojúbọ aláwọ̀ mèremère jẹ́ ohun àjèjì. Ilé wa ló ti jáde.

Ní ti pé iṣẹ́ yìí kò bá ẹ̀sìn mu, ẹ wo àwọn tó wà ní Mbari Mbayo nígbà náà. Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami: ẹ̀yin náà mọ irú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Jimoh àti Muraina. Dúró Ládiípọ̀ tó dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, ọmọ oníṣẹ́ ìjọ ni. Kó tó dá a sílẹ̀, ó kọ orin Àjíǹde tó fi ìlù Yorùbá sí, ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Wọ́n ní ìlù òrìṣà kò gbọ́dọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ó gbé orin rẹ̀ jáde lọ síbòmíràn. Ẹ wo ilé ìjọsìn ilé ìwé wa báyìí. Ẹni tó bá ní ká gbé gángan jáde lọ́jọ́ Àìkú, àwa akọrin fúnra wa la máa lé e. Lámídì Fákéyé ńkọ́? Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, láti ìran agbẹ́gilére. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sọ pé nítorí òun gbẹ́ Jésù, òun ti kúrò ní Mùsùlùmí. Àwọn tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé gbàdúrà kò sì sọ pé ọwọ́ Mùsùlùmí ti kàn án.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù.

Síníọ̀ kan tó ti dé Òṣogbo rí ló ní ojúbọ kì í ní àwọ̀ báyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Síníọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ojúbọ Òrìṣà Ìkirè wà. Àwọn obìnrin ló ń kun ògiri rẹ̀, lọ́dọọdún, tí ọdún òrìṣà náà bá ti ń súnmọ́. Wọn kì í ra ọ̀dà agolo. Ilẹ̀, òkúta, ewé àti èédú ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń pò, wọ́n á wá fi ya ejò, ẹyẹ, àti oríṣiríṣi àmì sára ògiri. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ, wọ́n á tún un kùn lọ́dún tó ń bọ̀. Moyọ̀ Òkédìjí, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, lọ jókòó ti àwọn ìyá yìí ní àwọn ọdún 1980 láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bíi Kúnlé Filani, Tọ́lá Wéwé àti Bọ́lájí Campbell, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n pè ní Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989. Campbell tún kọ odindi ìwé lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ, ó jáde ní 2008. Nítorí náà, kí ayàwòrán kankan tó gbé búrọ́ọ̀ṣì ra bébà, ojúbọ ti láwọ̀ lára. Àwọn ìyá wa ló kùn ún.

Ewé tó pọ́n bí ọsàn wá ńkọ́? Olùkọ́ Yorùbá wa ti kọ́ wa pé àwọn baba wa kó gbogbo àwọ̀ sí ilé mẹ́ta: funfun, pupa, dúdú. Epo pupa ni, ọsàn tó pọ́n pupa ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n náà ti pọ́n. Aró dúdú ni, ewé tútù sì ń bá a gbé nínú ilé dúdú yẹn. Wọ́n ń pe èmi náà ní ọmọ pupa nínú ilé wa, mi ò sì jọ ata. Tí Yorùbá bá sọ àwọ̀, ohun tí nǹkan náà jẹ́ ni wọ́n ń sọ, bó ṣe gbóná sí tàbí bó ṣe tutù sí. Mo bi sùkúù mọ́dà mi pé kí ló dé tí ewé rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ń wọ̀, gbogbo nǹkan gbóná. Ọ̀rọ̀ parí.

Òyìnbó náà ti ṣe irú rẹ̀. Ayàwòrán ará Faransé kan, Claude Monet, lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ìlú Rouen ní 1892 àti 1893. Ó ya ojú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lé ní ọgbọ̀n ìgbà. Òkúta eérú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán kan ó dà bí aró, nínú òmíràn ó dà bí wúrà, nínú òmíràn ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Oòrùn ló ń yí padà. Ẹ lọ wo ògiri gbọ̀ngàn wa ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, kí ẹ tún wò ó ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ lọ wo Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé, omi ni méjèèjì, àwọ̀ wọn ò sì dọ́gba. Àwa ọmọ Lọ́kọ́ja ló yẹ kó mọ èyí ju Monet lọ.

Mo ti padà ronú sí ọ̀rọ̀ màmá mi. Òótọ́ ni, ohun téèyàn ń wò lójoojúmọ́ máa ń wọ ọkàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo wo àwòrán yẹn. Ohun tó wọ ọkàn mi ni pé mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ Twins Seven-Seven, mo sì lọ sí láíbírì lọ́jọ́ Sátidé fúnra mi, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo kọ èyí sí lẹ́tà fún wọn. Wọn ò tíì dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé wọ́n lè má gbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí wọ́n dá àwòrán náà padà. Tí àwọn JSS 1 bá ń bẹ̀rù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun, kí a gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láíbírì, níbi tí ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Kí a lẹ bébà kékeré sísàlẹ̀ rẹ̀, tó sọ ohun tó jẹ́ àti ẹni tó yà á. Kí ẹni tó bá ní ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn wá sọ ọ́ nípàdé, lójú gbogbo wa, kó má ṣe lọ yọ píìnì lóru. Mo ti fi séló téèpù lẹ igun tó ya, mo sì tẹ́ ẹ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì mi kó lè nà.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìwé tí àwọn SS 1 fi ń yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé.